Ẹrù Màmá Òṣèré: Ẹ Má Tíì Ṣáná Sí Nǹkan Kan

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi láti Abẹ́òkúta nìyí: "Ìyá mi jẹ́ òṣèré. Wọ́n bá ẹgbẹ́ alárìnjò rìn láti nǹkan bí ọdún 1972, wọ́n ṣe tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì kópa nínú sinimá mélòó kan kí fídíò tó dé. Wọ́n papò dà lọ́dún tó kọjá. Yàrá wọn nílé wa ní Ìbarà kún fún ẹrù: fọ́tò, lẹ́tà, ìwé eré, aṣọ eré, kásẹ́ẹ̀tì fídíò, àti agolo irin ńlá kan tí fíìmù wà nínú rẹ̀, tó ń rùn bíi fínígà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí a mú fọ́tò tó dára jù, kí a fi sí férémù, kí a sun ìyókù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí a fẹ́ fún ayálégbé ní yàrá náà. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ọjọ́ á jìnnà síra o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣáná sí nǹkan kan. Owó ilé kì í ṣe ohun tí a ń fojú kéré, mi ò sì ní kí ẹ má gba ayálégbé. Ẹrù náà lè kúrò nínú yàrá láìdi eérú. Bí a bá tò ó dáadáa sórí pákó, kì í sábà ju ìdajì ògiri kan lọ.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ẹrù, ohun tó ń tètè lọ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ò sí nínú àpótí rárá. Ó wà lẹ́nu àwọn tó bá Màmá ṣeré. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1972 ti lé ní àádọ́rin báyìí. Fọ́tò lè wà lórí pákó gbígbẹ fún ọdún mẹ́wàá sí i kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó mọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò náà lè má rí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìyókù tí mo fẹ́ sọ wà lẹ́yìn ìyẹn, àfi agolo tó ń rùn, tí ẹ óò gbé kúrò láàárín àwọn ẹrù yòókù lónìí. Mo máa padà sórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ fi hàn wọ́n, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ẹ fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ṣí àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ ya inú rẹ̀, ẹ fún un ní nọ́ńbà. Bí Màmá bá fi lẹ́tà mẹ́ta há àárín ìwé eré kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ pa pọ̀; ó lè jẹ́ ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀hún ló kọ orin eré náà. Ohun tí mo sábà máa ń bá lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ni pé wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n ti ṣa fọ́tò sọ́tùn-ún, lẹ́tà sósì, rìsíìtì sínú ààtàn. Lójú wọn, wọ́n tún ilé ṣe. Ohun tí bí Màmá ṣe to ẹrù rẹ̀ ìbá sọ fún wa ti lọ nìyẹn, kò sì sí amòye tó lè dá a padà.

Ẹ má gbé fọ́tò gidi lọ bá àwọn àgbà. Ẹ tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí bébà A4 kó tóbi, torí ojú wọn, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí igun ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gba ohùn wọn sórí fóònù, ẹ sì gbé fóònù náà síbi tí wọ́n ti lè rí i. Ẹ má kàn máa bèèrè pé "ta nìyí?" Ẹ bi wọ́n ní ìlú tí wọ́n wà, ilé ẹni tí wọ́n sùn sí, ẹni tó rán aṣọ, ẹni tó ń lùlù lẹ́yìn, ẹni tó ń wakọ̀, iye tí wọ́n pa lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ náà. Àgbà tó ti gbàgbé orúkọ á rántí ẹni tó ṣubú lórí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ kan, ibẹ̀ gan-an ni orúkọ á ti yọ. ANTP àti TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, lè tọ́ka yín sí àwọn òṣèré àtijọ́ tó ṣì wà láyé. Ẹ wá àwọn tí kì í gun orí ìtàgé pẹ̀lú: ìyàwó olórí ẹgbẹ́, ẹni tó ń bójú tó iná, dírẹ́bà. Ẹ ò ní rí wọn nínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Orúkọ tí ẹ bá gbà, péńsùlù 2B ni kí ẹ fi kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò gidi, létí, láìtẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Bàírò máa ń yọ síwájú. Fọ́tò aláwọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ̀ bí ọ̀rá kì í gba péńsùlù. Ẹ kọ orúkọ sórí bébà kékeré, kí ẹ fi òun àti fọ́tò sínú àpòòwé kan náà. Bí òǹtẹ̀ ilé fọ́tò bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fojú fò ó. Òǹtẹ̀ ayàwòrán kan ní Sápọ́n tàbí Láfẹnwá ti sọ ọdún fún wa rí nígbà tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n yín ní kí ẹ mú fọ́tò tó dára jù. Fọ́tò tó dára jù ni ó ṣeé ṣe kó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí tí wọ́n yà fún pósítà, ẹ̀dà rẹ̀ tàn kálẹ̀ nígbà náà. Ìwé ìròyìn Atọ́ka, tó máa ń fi fọ́tò sọ eré àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò láti ojú ewé dé ojú ewé, wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ìwé àtijọ́ jọ. Bí ẹ bá rí i nínú àpótí, inú mi á dùn, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lábẹ́ ọ̀run ni ìwé tí Màmá ń kọ owó sí.

Bí ó bá wà, ẹ óò dá a mọ̀. Ìwé ẹsásáìsì lásán ni, èèpo rẹ̀ ti ya, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ ìlú, ọjọ́, owó ẹnu ọ̀nà, owó gbọ̀ngàn, owó epo, owó oúnjẹ, ohun tó kan òṣèré kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "òjò", tàbí "ìjà". Láti inú irú ìwé yìí ni a ti lè mọ òru mélòó ni ẹgbẹ́ fi ń wà lójú ọ̀nà lóṣù kan, bóyá iye tí obìnrin ń gbà kò tó ti ọkùnrin, àti ọdún tí èrò gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í já nígbà tí fídíò wọ ilé àwọn èèyàn. Ìwé ìròyìn kì í kọ irú nǹkan báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn eré Yorùbá ní ogún ọdún sí i, á fi fọ́tò mẹ́wàá tó rẹwà ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé ẹsásáìsì kan. Ìwé àdéhùn, rìsíìtì télọ̀, ìwé ìkésíni, gbogbo wọn ló wà ní ìsọ̀rí kan náà.

Ìwé eré ńkọ́? Ẹ má retí ìwé títẹ̀ tí gbogbo ọ̀rọ̀ pé sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alárìnjò kì í kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ á sọ ìtàn, á pín ipa, òṣèré á sì máa sọ̀rọ̀ látọkàn wá lórí ìtàgé. Bébà kan ṣoṣo tí wọ́n kọ "ìran kìíní, ààfin, ìran kejì, etí odò" sí, pẹ̀lú ẹsẹ orin díẹ̀ nísàlẹ̀, odindi ìwé eré nìyẹn. Òun sì ni àwọn ẹbí kọ́kọ́ máa ń jù nù, torí wọ́n rò pé ó kù díẹ̀ káàtó.

Ní ti àmì ẹ̀yẹ onígíláàsì àti onípákó, ẹ ya wọ́n ní fọ́tò, ẹ da ohun tó wà lára wọn kọ, kí ẹ pín wọn láàárín ọmọ. Mi ò rò pé wọ́n yẹ láti gba àyè mọ́ ìwé lọ́wọ́.

Wàyí o, agolo.

Oorun fínígà yẹn kì í ṣe ti ìdọ̀tí. Irú ike kan tí wọ́n ń pè ní acetate ni wọ́n fi ṣe fíìmù ìgbà náà. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a gbé pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, á sì máa mú irú ásíìdì tó wà nínú fínígà jáde, ásíìdì ọ̀hún á tún máa sáré ìbàjẹ́ náà sí i. Nínú agolo tó dé pinpin, kò ríbi gbà jáde. Ohun tó ti bàjẹ́ kò ṣeé dá padà, a kàn lè mú kó falẹ̀ ni. Ó sì lè ran fíìmù mìíràn tó wà nítòsí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbé e sọ́tọ̀ lónìí.

Ẹ gbé e lọ síbi tó tutù, tí afẹ́fẹ́ ń gbà, tí oòrùn kì í dé. Ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ tó ṣí i, kí ọmọdé àti ẹni tí èémí ń yọ lẹ́nu má sì sí níbẹ̀. Bí ìdérí bá ti dípẹtà, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí rọra tú u yíká, ẹ má lù ú. Kí ọwọ́ yín mọ́ kó sì gbẹ; etí fíìmù nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ eré àti nọ́ńbà rẹ́ẹ̀lì sí. Létí rẹ̀ ẹ óò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́, KODAK, AGFA tàbí FUJI, àti ọ̀rọ̀ náà SAFETY. Ẹ fi rúlà wọn fífẹ̀ rẹ̀, bóyá mìlímítà 16 ni tàbí 35. Ẹ wò ó bóyá ó ṣì tẹ́ tàbí ó ti ń ká kò, bóyá ó ti lẹ̀ mọ́ra, bóyá ohun funfun bí ìyẹ̀fun wà lára rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ ṣíwọ́ níbẹ̀. Ẹ má tú fíìmù náà sílẹ̀, ẹ má nù ún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní ẹ̀rọ sinimá àtijọ́ tí ẹ lè fi wò ó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ kọ̀: fíìmù tó ti súnkì, ihò etí rẹ̀ kò bá eyín ẹ̀rọ mu mọ́, fífà ni ẹ̀rọ náà á fà á ya.

Ẹ lè kà á níbì kan pé kí ẹ gbé e sí fìrísà. Òótọ́ ni pé òtútù ló ń dá ìbàjẹ́ yìí dúró, àwọn ilé ìpamọ́ ńlá sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí fíìmù á dì, á yọ́, á tún dì, omi á máa ṣẹ̀ sí i lára. Mi ò gbà yín níyànjú rẹ̀ ní Ìbarà.

Kí ló dé tí mo fi ń da ara mi láàmú lórí agolo kan? Ẹ̀dà sinimá Yorùbá ìgbà náà kò pọ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, owó gọbọi ni, ẹni tó ṣe sinimá náà ló sì máa ń gbé e kiri fúnra rẹ̀, láti gbọ̀ngàn ìlú dé ọgbà ilé ìwé. Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí, tí Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo wa mọ̀ sí Adé Love kópa nínú rẹ̀, 1976 ló jáde. Ayé ti Hubert Ògúndé jáde ní 1979. Sànmánì yẹn ni Màmá yín ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà kan tó bá wọ ilé òṣèré lè jẹ́ èyí tó kù. Shaihu Umar, sinimá èdè Haúsá tí wọ́n ṣe ní 1976, àwọn èèyàn ti gbà pé ó ti sọnù pátápátá kí wọ́n tó rí agolo rẹ̀ ní Jos. Wọ́n tún un ṣe ní Berlin, wọ́n sì fi han aráyé níbẹ̀ ní 2018. Jos kan náà ni ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba, National Film, Video and Sound Archive, wà, lábẹ́ Nigerian Film Corporation. Ibẹ̀ ni ẹ óò kọ̀wé sí nípa agolo yín, pẹ̀lú àwọn fọ́tò tí ẹ yà.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àkókò rẹ̀ ń tán lọ. Funai ti Japan, iléeṣẹ́ tó kẹ́yìn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS tí a fi ń wo irú kásẹ́ẹ̀tì yìí, dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2016. Ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí, àlòkù ni. Ẹ wo inú kásẹ́ẹ̀tì látojú ike tó mọ́ gaara náà. Bí nǹkan funfun bá ti hù létí téèpù, ó ti bu nìyẹn, ẹ má ki í bọ ẹ̀rọ kankan, torí á ba ẹ̀rọ jẹ́, á sì ran kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀lé e. Èyí tó mọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ike pẹlẹbẹ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dànù, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e. Eré tí ẹ gbà láti orí tẹlifíṣọ̀n nílé ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sórí kọ̀ǹpútà. Téèpù gbówó lórí nígbà náà, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì máa ń gba ètò tuntun lé ti àtijọ́ lórí, nítorí náà, ẹ̀dà ilé yín lè jẹ́ òun nìkan ṣoṣo.

Ibi tí ẹ óò kó ẹrù sí: yàrá inú, tí ògiri rẹ̀ kì í gba òjò, tí kò sí lábẹ́ páànù tó ń jò tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀. Kó ga kúrò nílẹ̀, kó má sì fara kan ògiri, torí ikán. Ẹ yọ pínì tó ti dípẹtà. Ẹ má fi sẹ́lótéépù lẹ ìwé tó ya. Ẹ má kó káńfọ̀ sáàárín fọ́tò. Mo sì bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi lámínéètì bo ìwé kankan; ooru rẹ̀ ń ṣe ìwé lọ́ṣẹ́, a kò sì lè bó o mọ́ láéláé.

Aṣọ eré, ẹ má fọ̀ ọ́. Àtíkè tó gbẹ mọ́ ọrùn bùbá, ibi tí wọ́n fi òwú àwọ̀ mìíràn gán lábẹ́ apá, ẹ̀rí nìyẹn pé aṣọ náà ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀, kí ẹ wá ká a yí páálí tí ẹ ti fi aṣọ funfun wé, torí ibi tí aṣọ òkè bá ti ṣẹ́ po fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ló ti máa ń já. Ọmọ Abẹ́òkúta ò nílò kí n sọ fún un pé ẹlú máa ń ran aṣọ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àdìrẹ bá wà níbẹ̀, ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ lọ bá àwọn ìyá aláàdìrẹ ní Ìtòkú, kí wọ́n sọ orúkọ bátànì náà fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ò bi mí. Nínú àpótí obìnrin tó rìn pẹ̀lú ẹgbẹ́ alárìnjò, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá lẹ́tà tó máa dùn yín. Ojú tí ìlú fi ń wo obìnrin òṣèré nígbà yẹn kò dára, ọ̀pọ̀ olórí ẹgbẹ́ ló sì ń fẹ́ àwọn òṣèré wọn kí ẹgbẹ́ má baà tú. Lẹ́tà ìfẹ́, lẹ́tà ìjà, ìwé ilé ìwòsàn: ẹ má sun wọ́n, ẹ má sì kà wọ́n fún àlejò. Ẹ fi wọ́n sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ kọ ọdún tí wọ́n lè ṣí i sára rẹ̀, bóyá 2060. Ilé ìpamọ́ tó mọṣẹ́ máa ń pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyà tí Màmá jẹ kí wọ́n tó gbà á gẹ́gẹ́ bí òṣèré wà lára iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀dà ṣíṣe: síkánà ló dára jù, 600 dpi (ìwọ̀n bí ẹ̀dà ṣe máa hàn kedere tó) fún fọ́tò, 300 fún ìwé. Ẹ má fi fọ́tò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kí ẹ ní ẹ ń bọ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ fa ìwé gbẹgẹ wọlé fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fún fọ́tò pọ̀ di kékeré. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kó wà, kí ọ̀kan wà nílé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ìlú mìíràn.

Níbo ló máa wá wà gbẹ̀yìn? Marlene Dietrich, òṣèré ọmọ Jámánì, kú ní Paris ní 1992. Ọdún kejì ni ìlú Berlin ra àkójọ rẹ̀, aṣọ, lẹ́tà, fọ́tò, títí kan àpótí ìrìnàjò, Deutsche Kinemathek, ilé ìpamọ́ sinimá tó wà níbẹ̀, sì ń tọ́jú rẹ̀ lódindi. Katharine Hepburn ti Amẹ́ríkà, tirẹ̀ pín: ìwé sinimá wà ní Margaret Herrick Library ní California, ìwé ìtàgé wà ní ilé ìkàwé New York, aṣọ eré wà ní musíọ́ọ̀mù Kent State University ní Ohio. Tiyín náà á pín, torí Jos ni fíìmù máa lọ. Pípín ò burú bí ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo bá wà tó sọ ohun gbogbo àti ibi tó wà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ fún àpótí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Fún ìwé, ẹ lọ bá National Archives ẹ̀ka Abẹ́òkúta, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn ìwé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe kọ̀ láti san owó orí, ibẹ̀ ló ń lọ, kì í ṣe Abẹ́òkúta. Bí ẹbí bá fẹ́ mú un dání fúnra wọn, ìyẹn náà dára. Ilé Ògúndé ní Òsósà di musíọ́ọ̀mù.

Ibikíbi tó bá jẹ́, kí ìwé àdéhùn wà, kó sọ bóyá ẹ fi tọrẹ ni tàbí ẹ fi pamọ́ sọ́wọ́ wọn, kí gbogbo ọmọ Màmá sì fọwọ́ sí i, kì í ṣe àgbà ilé nìkan. Ẹ rántí pé níní agolo lọ́wọ́ kì í ṣe níní ẹ̀tọ́ sinimá náà. Lábẹ́ òfin, ẹni tó ṣe é tàbí àwọn àrólé rẹ̀ ló sábà máa ń ni ẹ̀tọ́ yẹn, nítorí náà ẹ má gbé ohunkóhun sórí YouTube kí ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ̀wé padà sí mi nípa agolo náà: fífẹ̀ rẹ̀, ohun tó wà létí rẹ̀, orúkọ tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ́ẹ̀lì. Ẹ tún wò ó bóyá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbọ̀n wá gbọ̀n lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, láàárín àwòrán àti etí. Ohùn nìyẹn. Bí ó bá wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n ń fi han èrò. Bí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kí ohùn wà lórí rẹ́ẹ̀lì mìíràn, aláwọ̀ búráùn, ẹ ó sì ní láti wá agolo kejì nínú yàrá náà.